Ẹsẹ̀ Wo Ni Wọ́n Máa Fi Tẹ Kílọ́ọ̀ṣì?

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà

Ọkọ̀ ti dákú. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì o. Ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n táyà ò yí. Ẹrù ẹni tó ń kó lọ sílé tuntun ló kún ẹ̀yìn rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì, àga, àti dígí ńlá kan tí mo gbé lé itan níwájú kó má baà fọ́. Àárín òkè gan-an la wà. Bàámi mi ọ̀pá jíà síwá sẹ́yìn, pàbó. Èéfín jáde lábẹ́ wa, ó ń rùn bí ìkòkò tó jóná.

Ẹlẹ́rù bọ́ sílẹ̀, ó wo òkè, ó wo bàámi, ó ní, "Bàbá, ṣé a máa débẹ̀ lónìí, àbí ká tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbí ká sùn?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà fẹ́ pa mí. Mi ò ṣe ìkankan. Mo rí ojú ara mi nínú dígí yẹn, ó ṣú dùdù. Wọn ò kúkú purọ́ tí wọ́n ń pè mí ní Òjò-ṣú.

Ọkọ̀ yẹn ló yẹ kó gbé mi lọ sọ́dọ̀ Àǹtí oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ àti awọ bo àga. Ẹni tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ àti bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá dé lọ́jọ́ yẹn, àyè rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn.

Ìṣẹ́gun, 3

Máa-Wò-Ó wá yẹ ọkọ̀ wò. Ohunkóhun tí èèyàn bá bi í, "máa wò ó" ló máa fi dáhùn, orúkọ tó sì gbà ládùúgbò nìyẹn. Bàámi ló ń bá ru ẹrù kó tó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó tú ọ́ìlì jíà sínú abọ́ kan. Ó dúdú bíi kọfí, irin wẹ́wẹ́ sì ń dán nínú rẹ̀.

"Bàbá, eyín ló ń ká báyìí o," ló wí. "Jíàbọ́ọ̀sì ọ̀tómátíìkì irú èyí, ẹ má wulẹ̀ wá a. Àwọn tó ṣe é gan-an ti gbàgbé pé àwọn ṣe é rí."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Mo mọ ibi tí irú ọkọ̀ yìí kan wà tó já sí kòtò. Orí ẹ̀ fọ́, àmọ́ jíàbọ́ọ̀sì ẹ̀ pé. Máńúà ni. A lè sọ tiyín náà di máńúà."

"Sọ ọ́ di máńúà," ni bàámi wí, kíá, bí ẹni ń ra iyọ̀.

Màámi ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọwọ́ wọn dúró. Gbogbo wa wo ibì kan náà, ìyẹn bàtà òsì bàámi tó ti gbó nímú torí pé wọ́n máa ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ọdún tí kọ́bọ́ọ̀dù kan já lé ẹsẹ̀ yẹn ni wọ́n ta ọkọ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n ra ọ̀tómátíìkì. Nínú ọ̀tómátíìkì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́, t'òsì á kàn jókòó bí àlejò.

Lẹ́yìn náà kálukú gbójú síbòmíràn. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹsẹ̀ tí wọ́n máa fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì, pẹ́dà tí máńúà fi sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ òsì.

Ẹtì, 6

Fíríìjì jáde láàárọ̀, jíàbọ́ọ̀sì wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ là ń mu báyìí.

Àìkú, 8

Mo bá màámi sá aṣọ. Wọ́n fún aṣọ ìbora kan títí omi inú rẹ̀ fi tán, wọ́n sì tún ń fún un.

"Ìwọ náà mọ ẹni tó máa wa ọkọ̀ yìí, àbí?"

Mo ní, "Bàámi ni."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?"

Ẹsẹ̀ tèmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Àǹtí ẹ ò ní í bínú. Ọdún tó ń bọ̀ náà ń bọ̀."

"Màámi, ọdún tó ń bọ̀ yìí kì í tán! Ohun tẹ́ ẹ sọ náà nìyẹn nígbà tí mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀."

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Wọ́n kàn gba aṣọ lọ́wọ́ mi. "Tí ọkọ̀ yẹn bá jókòó sílẹ̀, bàbá ẹ náà á jókòó sílẹ̀, kò sì ní í dìde mọ́. Mo mọ ọkùnrin tí mo fẹ́."

Èmi náà mọ̀ wọ́n. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Ọjọ́rú, 11

Òjò láti àárọ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó fura, torí bí mo ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn.

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí torí kò síbòmíràn tí mo lè sọ ọ́ sí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run pé kí jíàbọ́ọ̀sì yẹn má bá ọkọ̀ yẹn mu.

Ẹtì, 13

Kò bá a mu.

Wọ́n gbé jíàbọ́ọ̀sì àtijọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀ ṣàn gba iwájú ilé Ìyá Onílé, wọ́n sì pariwo títí ìkòkò wọn fi jóná. Fúláìwíìlì tuntun, ìyẹn irin roboto tí kílọ́ọ̀ṣì máa ń lẹ̀ mọ́, wọlé láìṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé jíàbọ́ọ̀sì tuntun sókè, ó kúrú ju ti àtijọ́ lọ. Ṣáàfù, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn, kò kàn án. Àyè ìbú ọwọ́ kan ló wà láàárín wọn. Máa-Wò-Ó nawọ́ síbẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó lọ jókòó sórí táyà. Bàámi jókòó tì í.

Ẹ̀rù bà mí. Ṣé Ọlọ́run máa ń tètè gbọ́ tèmi báyìí ni? Ibo ló wà nígbà tí mò ń bẹ̀ ẹ́ nítorí ìdánwò ìṣirò?

Mo tún kúnlẹ̀ lálẹ́ yìí, mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi àdúrà Ọjọ́rú yẹn sílẹ̀. Ojú bàámi lórí táyà yẹn ni mi ò lè gbà.

Ìṣẹ́gun, 17

Alágbẹ̀dẹ onírin ti gé ṣáàfù, ó fi irin kún un láàárín, ó jó o pọ̀. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń yí i bìrìbìrì, ó ń wò ó bóyá ó ń tẹ̀. Kò tẹ̀. Ó kàn án báyìí, wẹ́kú!

Wọ́n dá ihò lu ilẹ̀ ọkọ̀ kí ọ̀pá jíà lè gba ibẹ̀ yọ. Èmi ni mo ká kápẹ́ẹ̀tì. Mo rí bọ́tìnì, eyín kóòmù, àti ìlẹ̀kẹ̀ kan tí mo sunkún lé lórí nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí wọ́n gé irin yẹn tán, oòrùn gba ilẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Bàámi ní, "Ìyá mi, o ò rí i pé ọkọ̀ wa ti ní fèrèsé nísàlẹ̀." Wọ́n ń wá bí mo ṣe máa rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Dísẹ́ẹ̀lì tún ti gbówó lórí. Kò kàn wá, ọkọ̀ wa ò mu nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 21

Máa-Wò-Ó ní òun nílò ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ o, kò ní òun nílò èèyàn. Ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì ní afẹ́fẹ́ nínú, àfi kí ẹnì kan máa tẹ pẹ́dà lókè kí òun máa tú afẹ́fẹ́ jáde nísàlẹ̀. Bàámi tún yára sọ pé àwọn fẹ́ lọ ra ìṣó.

"Òjò-ṣú, gòkè! Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú! Dì í mú, mo ní! Fi sílẹ̀. Tẹ̀ ẹ́!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n."

"Jẹ́ kó gbọ̀n. Tó bá gbọ̀n tán, á dúró."

Pẹ́dà yẹn kọ́kọ́ ń wọlé bí ẹni tẹ ẹrẹ̀, nígbà tó yá ó le bí ọkàn mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹsẹ̀ mi padà. Máa-Wò-Ó ní ìyẹn ló túmọ̀ sí pé ó ti yè. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, mo ń tiro bíi bàámi. Màámi rí mi láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì gbójú kúrò.

Àìkú, 22

Mo jí, ẹsẹ̀ òsì mi ń ti ògiri. Lójú oorun náà ni mò ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ajé, 23

Gbogbo nǹkan ti dè. Àwọn ará ilé jáde, kódà Ìyá Onílé gbé àga síta. Máa-Wò-Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Kẹ́kẹ́ pa. Kò tiẹ̀ ní "kẹ́" kan.

Ó yọ bátìrì, ó dá a padà. Ó gbá sítátà lórí. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá Onílé ní, "Ṣé ẹ rí i? Ọkọ̀ tó kàn ń ṣàárẹ̀ lẹ ti sọ di odi yìí." Bàámi wo ilẹ̀.

Mo ń wo ọwọ́ ọ̀tún bàámi. Ó ń mi díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan wọn, síwájú, síwájú. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Láti kékeré mi, kí bàámi tó yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n á kọ́kọ́ gbá ọ̀pá jíà síwájú dé ibi ìdúró. Tí kò bá tíì débẹ̀ dáadáa, ọkọ̀ ò ní í dáhùn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, wáyà tó wà nídìí ọ̀pá jíà àtijọ́ dà?"

"Mo ti ká a sábẹ́ ibẹ̀ yẹn. Kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Òun kọ́ ló máa ń sọ fún ọkọ̀ pé jíà ti wà níbi ìdúró?"

Ó wò mí. Ó sùn sílẹ̀, ó fa wáyà méjì yẹn jáde, ó bó ẹnu wọn, ó so wọ́n pọ̀. "Bàbá, ẹ yí i."

Ọkọ̀ ké! Èéfín dúdú bo Ìyá Onílé àti àga wọn. Máa-Wò-Ó ń lu ìlẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń ní, "Àṣé ó ń dúró de ọ̀pá tó ti kú!" Bàámi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi sókè. Inú mi dùn títí mo fi dórí ibùsùn, kó tó wá yé mi pé ọwọ́ ara mi ni mo fi de ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 26

Bàámi wọ bàtà ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n ní kí gbogbo wa wọlé, pé àwọn ò fẹ́ ìran. Mo wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì lé orí pẹ́dà. Wọ́n tì í. Pẹ́dà lọ díẹ̀, ó dúró. Wọ́n wá fi ọwọ́ ti orúnkún náà mọ́lẹ̀, pẹ́dà wọlé. Wọ́n yí jíà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kàn já dànù ni. Ọkọ̀ fò síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n sọ lókò, ó kú. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó yá, wọn ò yí kọ́kọ́rọ́ mọ́. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀, ọwọ́ wọn lórí sítíárìn.

Wọ́n wọlé, wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì kọjá lọ sí yàrá.

Ẹtì, 27

Bàámi ò jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 30

Máa-Wò-Ó gbé mi lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìkóẹrù, ó ní kí n wà á. Mo ti gbára dì láti ṣe é kó má dáa. Ó ṣẹlẹ̀ pé ẹsẹ̀ mi mọ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú. Jíà kìíní, ìkejì, ìkẹta. Mo yí ká, mo fẹ̀yìn wà á láàárín òkúta méjì.

Ó ní, "Òjò-ṣú, ó ń rẹ́rìn-ín!"

"Mi ò rẹ́rìn-ín."

"Eyín ẹ ló ń yá oòrùn yẹn?"

Ó dùn mọ́ mi. Mo kọ ọ́ síbí, mi ò sì ní í sọ ọ́ fún ẹlòmíràn láéláé. Ohun tó dùn mọ́ èèyàn náà lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n.

Nígbà tá a padà, bàámi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá mi, o mọ̀ ọ́n wà ju èmi lọ." Ohùn wọn tutù bí omi ìsàlẹ̀ ìkòkò. "Mo máa pe Àǹtí ẹ lọ́jọ́ Àìkú. Mo máa ṣàlàyé fún un."

Ọjọ́rú, 2 oṣù keje

Ọkùnrin tó ń fi alùpùpù gbé búrẹ́dì kiri dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Màámi sanwó, ó fẹ́ lọ. Mo ń wò ó láìrí i, bí mo ṣe máa ń wo nǹkan lọ́sẹ̀ yìí. Ó fún irin kan pọ̀ mọ́ ọwọ́ alùpùpù, ó tẹ jíà, ó rọra tú irin yẹn sílẹ̀, ó lọ.

Mo dìde. Ó ti jìnnà kí n tó pariwo pé, "Ẹ dúró!" Mo sáré bá a dé ìkóríta. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ọwọ́ òsì fún yẹn?"

Ó ní, "Kílọ́ọ̀ṣì ni. Ṣé ara ẹ yá?"

Ọwọ́! Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é lórí alùpùpù!

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ Máa-Wò-Ó láìwọ bàtà. Mo sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀. Ó wo ọ̀pá jíà, ó wo pẹ́dà, ó fi ìka wọn àárín wọn.

Ó ní, "Máa wò ó."

Tí ẹnikẹ́ni bá ka ibí yìí, kó má rò pé ìfẹ́ bàbá ló gbé mi sáré. Ìbẹ̀rù ọjọ́ Àìkú ni. Ó ṣeé ṣe kí ìfẹ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 5

Irin àkọ́kọ́ tí Máa-Wò-Ó ṣe tẹ̀ bí ṣíbí. Èkejì nípọn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà, wọ́n fi ọ̀pá míì so ó mọ́ pẹ́dà nísàlẹ̀. Tí èèyàn bá fún òun àti ọ̀pá jíà pọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ kan, pẹ́dà á wọlé fúnra ẹ̀. Ọwọ́ kan náà á sì yí jíà, ọwọ́ kejì ò kúrò lórí sítíárìn. Ọwọ́ bàámi, ọwọ́ tó ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù gbogbo àdúgbò ni.

Irin yẹn ń gé wọn ní àtẹ́lẹwọ́. Mo gé awọ lára àga ọkọ̀ tó ti ya, mo fi òwú tó nípọn rán an mọ́ ọn, mo fi ojú rírán síhà tí ọwọ́ ò ní í kàn. Máa-Wò-Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sọ pé òun máa wò ó.

Àìkú, 6

Bàámi ò pe Àǹtí.

Ọjọ́ Ajé, 7

Wọ́n ń kọ́ ọ bí ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn. Ọkọ̀ ń fò, ọkọ̀ ń kú. Wọ́n bínú sí irin, wọ́n bínú sí mi, wọ́n bínú sí ajá tó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ tiẹ̀. Ìyá Onílé ní, "Bàbá, ṣé ọkọ̀ lẹ̀ ń wà ni àbí ẹ̀ ń fún omi ọsàn?"

Bàámi yọ orí síta. "Ìyá, ẹ mú ife wá!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kìíní tí mo gbọ́ ohùn bàámi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dákú nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 10

Wọ́n kó ẹrù ẹnì kan. Ilé kan sí èkejì, ọkọ̀ ò kú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Màámi bá wọn lọ, wọ́n di dásíbọ́ọ̀dù mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí wọ́n dé, màámi lọ gbé àpótí mi sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì nu eruku ara ẹ̀.

Àìkú, 13

Ilé Àǹtí. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lábẹ́ fèrèsé.

Màámi ò tẹ̀ lé wa torí àyè. Wọ́n di aṣọ ìbora yẹn fún mi, èyí tí wọ́n fún títí omi inú rẹ̀ fi tán, wọ́n ní, "Ọdún tó ń bọ̀ yẹn, òun ló dé yìí," wọ́n sì yára wọlé.

A gba ọ̀nà òkè yẹn. Mo mọ ibi tá a dúró sí pẹ̀lú dígí. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ẹrù mi ń ró lẹ́yìn. Jíà kẹta ò lè gbé e mọ́, ó di dandan kí wọ́n padà sí ìkejì, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn.

Wọ́n fún irin pọ̀. Mo rí iṣan ọwọ́ wọn bó ṣe dìde. Jíà kúrò ní ìkẹta, ó dúró láàárín, kò wọ ibì kankan. Ọkọ̀ fẹ́ dúró. Mo di eyín pọ̀, mo fi gbogbo agbára mi tẹ̀ ẹ́.

Jíà kejì wọlé. Ọkọ̀ mi díẹ̀, ó sì gun òkè lọ.

Bàámi ò yí ojú kúrò lójú ọ̀nà. Ìgbà tá a dé orí òkè tán ni wọ́n sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi."

"Sà."

"Gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò níbẹ̀ yẹn."

Mo wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì mi ni, ó ti na tán, ó ń ti irin ilẹ̀ ọkọ̀ ní ibi tí kò sí pẹ́dà kankan.

"Èmi ni mò ń wà á," ni bàámi wí.

Mo gbé e kúrò.